Olójú-Àṣá àti Awò Orí Òkè

Ọjọ́ Ajé, 2 Ẹrẹ́nà. Ààwẹ̀ kẹtàlá.

Ó rẹ̀ mí. Ìwé àádọ́rin ọmọ ló yẹ kí n máàkì, mẹ́sàn-án ni mo rí máàkì. Lẹ́yìn ìṣínu mo tún gun òkè ilé-ìwé lọ ṣí Arọ. Arọ ni mo ń pe awò ìràwọ̀ tí ọmọ Ìgbájọ kan fi ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun. Mọ́tò tó ń yí i ti kú láti ọdún kejì tó dé, ọwọ́ ni mo fi ń tì í. Ilé ìwòràwọ̀ — orúkọ ńlá! Yàrá bíríkì kan ni, tí páànù orí rẹ̀ ń yí lórí irin géètì àlòkù. Níbòmíràn, orí òkè tó ga ju ìkuukùu lọ ni wọ́n ń kọ́ irú rẹ̀ sí, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀. Tèmi ní eruku ọyẹ́, ó ní ẹ̀fọn, ó tún ní iná sólà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kì í jẹ́ kí òkùnkùn ṣú dáadáa.

Síbẹ̀, mo rí Júpítà. Àwọn òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mẹ́ta lápá kan, ọ̀kan lápá kejì. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbàgbé pé ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Ẹrẹ́nà.

Òjìji ayé bo òṣùpá lónìí. Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wa, nítorí náà àwọn ará Éṣíà ló rí i. Èmi máàkì ìwé.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6 Ẹrẹ́nà. Ààwẹ̀ kẹtàdínlógún.

Níbi ìṣínu, Bàbá da tíì sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Wọ́n ní èmi ni mo sún ife. N ò sún un.

Alfa Àsíìsì ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Olójú-Àṣá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ṣáájú àwọn tó ń gun òkè lọ wo oṣù. Tí wọ́n bá ti na ìka, tí wọ́n ní “Òun nìyẹn,” wọ́n á pe Ìmáàmù lórí fóònù, ààwẹ̀ àdúgbò wa tán nìyẹn. Nǹkan funfun kan ti wá ń bo ẹyinjú wọn báyìí. Mo ní ká lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ojú kò dun àwọn.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Ẹrẹ́nà.

Mo wọlé, Bàbá ní, “Àbẹ̀ní, o ti dé?” Ìyá mi ni Àbẹ̀ní. Ọdún kọkànlá tí wọ́n ti kú nìyí. Nígbà tí Bàbá gbọ́ ohùn mi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ń bá mi ṣeré ni.

Ọjọ́rú, 11 Ẹrẹ́nà. Ààwẹ̀ kejìlélógún.

Wàhálà ti dé. Tàófíìkì wá, télọ̀ tó máa ń bá Bàbá gun òkè. Ó ní àwọn ará mọ́ṣáláṣí fẹ́ kí Bàbá wo oṣù ọdún yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò mi. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́. “Kí awò wá jẹ́rìí ojú mi,” bí wọ́n ṣe wí nìyẹn.

Mo ti ṣe ìṣirò. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ààwẹ̀ máa pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ yẹn, oṣù máa wọ̀ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí oòrùn tó wọ̀. Kò ní í sí nǹkan kan láti rí. Àgùàlà nìkan ló máa wà ní ìwọ̀-oòrùn, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń kọ́kọ́ tàn ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ń gbé oṣù jáde. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ din àkàrà.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: ní ọdún kan nínú àwọn tó kọjá, ìṣirò mi sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Bàbá ní àwọn rí oṣù. Bébà ìṣirò wà nínú báàgì mi, mo dákẹ́. Ó ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní. Lọ́tẹ̀ yìí, tí mo bá sọ̀rọ̀, orúkọ ogójì ọdún máa bàjẹ́ níwájú gbogbo ayé. Tí mo bá sì tún dákẹ́, odidi àdúgbò máa jẹun lọ́jọ́ ààwẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà.

Òjò àkọ́rọ̀. Páànù jò. Ìborùn mi ni mo fi nu Arọ. Mo sùn síbẹ̀, lórí bẹ́ńṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ẹrẹ́nà.

Mo gbàdúrà kí ìkuukùu bo gbogbo ojú ọ̀run lọ́la. Tíṣà físíìsì!

Ọjọ́rú, 18 Ẹrẹ́nà. Ààwẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Kò sí ìkuukùu kankan. Ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá. Bàbá wọ jàlàbíà funfun, ọwọ́ wọn wà ní èjìká Tàófíìkì — nítorí òkúta, wọ́n ní. Oòrùn wọ̀. A jẹ dábínù, a mu omi, a dúró. Nígbà tó yá, Bàbá na ìka. “Òun nìyẹn. Ó tẹ̀ bíi dòjé.” Kíá, Tàófíìkì ní, “Mo rí i, Bàbá.” Àlàbí tó ń ta táyà ní òun náà rí i, ó sì ti ń wá nọ́ńbà Ìmáàmù nínú fóònù.

Mo ti Arọ síbi tí ìka wọn kọjú sí. Àgùàlà ni. Ó rí róbótó, kò tẹ̀ níbì kankan. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Sàrátù, kí lo rí?” Ohùn wọn dùn, ohùn ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó fèsì. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní Àgùàlà ni, mo ní oṣù ti wọ̀ ṣáájú oòrùn.

Àlàbí wá fojú sí awò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ti fóònù bọ àpò. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò ní èjìká Tàófíìkì, wọ́n sì ń dá sọ̀ kalẹ̀ lọ. Wọ́n kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti dì wọ́n mú.

Ní ilé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Mo sunkún nínú kíṣíìnì. Òótọ́ ni mo sọ, ó sì dà bí ẹni pé mo jí nǹkan wọn.

Ọjọ́bọ̀, 19 Ẹrẹ́nà. Ààwẹ̀ ọgbọ̀n.

Tàófíìkì ká mi mọ́ yàrá tíṣà láàárọ̀. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí òun kò ti rí oṣù kankan lórí òkè yẹn. Bàbá á ní “Òun nìyẹn,” òun á ní “Mo rí i.” “Ta ni mo jẹ́, Àǹtí, tí mo fi máa sọ fún Olójú-Àṣá pé n ò rí i?” Ó ní kí n má sọ fún Bàbá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀?

Ìrọ̀lẹ́. Ọgbọ̀n ti pé, ọ̀la ni ọdún, kò sẹ́ni tó nílò ẹlẹ́rìí mọ́. Mo dá gòkè nítorí àkọsílẹ̀ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oṣù náà, tín-ín-rín bí òwú, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀. Bàbá ni, Tàófíìkì ló mú wọn wá. Wọ́n ní kí n fi han àwọn. Mo gbé ojú wọn sí awò. Wọ́n wò, wọ́n wò, oṣù sì ń rẹlẹ̀ lọ.

“N ò rí i.”

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin nìyí tí àwọn ti ń na ìka sí ibi tó bá ṣáà mọ́lẹ̀. Bí Tàófíìkì bá ti ní òun rí i, ọkàn àwọn á balẹ̀ pé ojú ọ̀dọ́ ló rí i, kò sí aburú. Tàófíìkì wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó sì jẹ́wọ́ tirẹ̀.

Bàbá kò bú u. Wọ́n ní kó dìde kó wò ó kó tó wọ̀. Ó wò ó, ó ní òun rí i. N ò gbà á gbọ́. Mo ní báwo ló ṣe rí. Ó ní ó dojú dé bíi fìlà. Awò mi máa ń dorí nǹkan kodò. Ẹni tó bá ń parọ́ á ní ó ṣí sókè bí ọkọ̀ ojú omi, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n. Ó rí i lóòótọ́. Ó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Ẹrẹ́nà. Ọdún.

Lẹ́yìn ìrun ní Yídì, Bàbá dìde, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Àgbà kan ń fa aṣọ wọn pé kí wọ́n bò ó mọ́ra. Wọn ò gbà. Wọn ò dárúkọ Tàófíìkì. Láàárín àwọn obìnrin, n ò lè gbójú sókè. Mo se ìrẹsì ìkòkò ńlá méjì. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó yà kí wa kú ọdún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ẹrẹ́nà.

Ìdájí. Mo gbọ́ ìró abọ́ ní kíṣíìnì. Bàbá ni, wọ́n ń fọwọ́ tá ṣíbí kiri. Mo bi wọ́n pé sààrì kí ni, ṣebí ààwẹ̀ ti tán. Wọ́n ní mẹ́rin ló kù ní ọrùn àwọn, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Wọn ò mọ èyí tó jóòótọ́ nínú wọn, nítorí náà àwọn máa gba gbogbo rẹ̀.

Mo gbé ìrẹsì àná kaná. Mo bu tiwọn. Mo bu tèmi náà, mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ṣíbí mi, wọ́n bi mí pé kí ló kan èmi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo sọ fún wọn nípa bébà ìṣirò tó wà nínú báàgì mi lọ́dún yẹn, tí mo sì dákẹ́.

Wọ́n fọwọ́ wá abọ́ mi lórí tábìlì, wọ́n sì bu ẹran tiwọn sí i.