Ọbẹ̀dò Tí Bàbá Àpòmù Mu

Ìkirè.

Ràhmọ̀t Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà ooru Èkó. Ọlọ́run tó kó wa yọ nínú òjò àti ẹrẹ̀ ọdún yìí kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún sọ̀rọ̀ ara wa. Bí o bá ń béèrè wa, a dúpẹ́, ara bàbá rẹ le, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ lọ́jà, dòdò mi ń tà létí títì, àwọn onímọ́tò ń dúró rà á. Èmi nìkan ni ọkàn mi ò balẹ̀, ìwọ lo sì fà á.

Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé fóònù tí o rà fún mi kò mọ ohun tí à ń pè ní àṣírí. Bí o bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà ní pálọ̀ wa. Mo ti bẹ fóònù náà títí pé kó rọra máa sọ̀rọ̀, kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgò ọbẹ̀dò rẹ ni. Nígbà tí o wá ṣe Iléyá, o ní iná kì í dúró ní ilé ẹ̀kọ́ yín, pé bí èyí tó wà lọ́hùn-ún bá kú, èyí tí o bù létí omi Aṣéjírè yìí ni irúgbìn tó kù, kí n gbé e síbi tó mọ́ tí oòrùn ń dé. Mo bi ọ́ nígbà náà pé ṣé ohun tí à ń fi kànìnkànìn ha kúrò lára àmù ni ẹ fi ń gboyè. O jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, o ní ohun kan tó dà bí epo wà nínú rẹ̀, kuínóònù lorúkọ rẹ̀, pé òun ló ń gba agbára oòrùn lọ́wọ́ kan fún ọwọ́ kejì kí ọbẹ̀dò tó rí oúnjẹ jẹ, pé oòrùn náà ló sì ń jó o gbó, tí ọbẹ̀dò ń ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀, bí epo agbada mi ṣe ń jó tí mo ń bu tuntun sí i tí kì í fà. O ní bó ṣe ń yá gbó àti bí tuntun ṣe ń yá dé lo fẹ́ mọ̀. Mo ní ó dáa. Èmi mọ ìdí tí mo fi ń bu epo, mo ń dín dòdò tà. Ta ni ń jẹ ọbẹ̀dò? Ọlọ́run ti dá mi lóhùn báyìí.

Ibi tó mọ́ jù tí oòrùn ń dé nílé yìí ni ojú fèrèsé tí bàbá rẹ ti ń kírun. Ibẹ̀ ni mo gbé ìgò náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà àti wàláà. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Àpòmù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, orúnkún ń dùn wọ́n. O mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ìwé tí o kà tó gẹ́ẹ́, pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń kọ́ nípa ọbẹ̀dò, kí bàbá rẹ pè ọ́ wálé. Bàbá rẹ kì í sì í sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti ń sunkún sínú kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kírun ná, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kírun tán, wọ́n rí ìgò. Wọ́n ní hàǹtú ni, omi tí àlùfáà fi fọ Kùránì tí ó kọ sára wàláà, tí à ń mu fún ìwòsàn. Hàǹtú dúdú ni gbogbo wa mọ̀, wọ́n ní tàdáwà òde òní, yíǹkì àwọn àlùfáà, ló ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ṣe bisimilá, wọ́n gbé e mu, wọ́n fi ìyókù pa orúnkún. Ìgbà tí mo fi gbé oúnjẹ wọlé, ìgò ti ṣófo.

Kí ni kí n sọ? Ṣé ìyàwó ilé ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ pé ohun tí à ń ha dànù ni wọ́n mu? Mo kúnlẹ̀, mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kó gba ibi ire. Bàbá rẹ ní tirẹ̀ fi fìlà bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. N ò tíì dárí jì í.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru wọ́n. Wọ́n sáré lọ sí ṣáláńgá, wọ́n sáré bọ̀, wọ́n tún sáré lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní ṣé a rí i pé àwọn ò mú ọ̀pá dání láti ọ̀sán. Orúnkún ti jí. Wọ́n ní ta ni àlùfáà náà. Bàbá rẹ tí kì í lè pa ẹnu mọ́ ní Ràhmọ̀t ló gbé ìgò wá láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní àṣé ohun tí ọmọ náà ń kọ́ nìyẹn tí ẹ ò ṣàlàyé fún àwọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrun tí wọ́n kí tí wọn ò dárúkọ rẹ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí o kà á yanjú, ẹni tó bá ní kí o máa bọ̀ nílé, àwọn ló máa bá a jà. N ò purọ́ fún wọn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Oúnjẹ ni mo kàn ń gbé fún wọn. Wọn ò sì tíì lọ o, hàǹtú mìíràn ni wọ́n ń dúró dè, dòdò tó yẹ kí n tà ni wọ́n sì ń jẹ.

Ní ti ìgò, díẹ̀ ṣẹ́kù sí ìdí rẹ̀. Kànìnkànìn ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó rántí pé o ní ó máa ń rọ́pò ara rẹ̀. Mo bu omi kànga sí i, mo gbé e sí fèrèsé yàrá mi tí Bàbá Àpòmù ò lè dé. Ó ti ń tutù yọ̀yọ̀ padà, mo ń kí i kú iṣẹ́ láràárọ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé o ní bí ògbólógbòó ṣe ń lọ tí tuntun ń dé lò ń ṣọ́. Gbogbo ògbólógbòó ti lọ sí ṣáláńgá ní Ìkirè níbí. Ṣé wọn ò ní tìtorí ẹ̀ fi ìwé ẹ̀rí dù ọ́? Bí olùkọ́ rẹ bá bínú, sọ fún un pé a mọ ẹni tó gbé e lọ.

Fi owó ìgò tó ní ìdérí tó le ránṣẹ́, fi owó ṣúgà àti mílíìkì Bàbá Àpòmù kún un. Kó owó náà fún awakọ̀, má fi sí báǹkì, nítorí ọmọbìnrin tó ń san owó báǹkì létí títì máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Irú ọ̀gá wo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí tí kì í wá síbi iṣẹ́?

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oòrùn ràn sí iṣẹ́ rẹ, kó má jó ìwọ fúnra rẹ. Àmín. Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ni kí o máa bọ̀. Kúnlẹ̀, gba àdúrà Bàbá Àpòmù ná, kí àlàyé ọbẹ̀dò kẹ́yìn. Ìwọ náà lo sọ pé ohun gbogbo ń gbó tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀. Ìbínú wọn ti gbó, àdúrà ló rọ́pò rẹ̀, n ò sì mọ bí àdúrà náà ṣe máa pẹ́ tó. Tètè dé kí orúnkún tó rántí ara rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Sàlámọ̀tù.