Pákó Orí Gọ́tà

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ aránṣọ ilé kejì jìn sí gọ́tà àdúgbò wa, ó kú. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi búra pé a máa fi pákó bo gọ́tà náà. Lọ́jọ́ iṣẹ́, gbogbo wọn ṣàdédé ń ṣàìsàn! Èmi nìkan ni mo kàn án, àtàǹpàkò mi wú tó orí màlúù.

Ni pákó bá ń pòórá. Abẹ́ ìkòkò ìyá mi ni mo ti bá wọn, iná ń jó wọn.

“Ṣé ìwọ lo bí ọmọ àdúgbò ni?” ni màmá wí.

Mo ti tú pákó bẹ́ẹ̀dì mi kàn síbẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń sùn. Mi ò ní jáwọ́, àmọ́ ṣé kí n fẹjọ́ ìyá mi sun aránṣọ? Ẹ tètè dáhùn o, àbúrò ọmọ tó kú ti ń rákò.