Aṣọ Ọba Ni Wọ́n Fi Di Ẹsẹ̀ Mi

Ìyá mi,

Ara mi ti ń yá níbí ní Dásíà tí a ti ń jagun, ẹ má sunkún rárá. Ẹ ṣeun fún ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tí ẹ hun. Ọwọ́ yín kò ní rọ. Ọ̀kan ń mú mi móoru, mo fi èkejì ta ọ̀rẹ́ mi Fusko lọ́rẹ.

Lọ́jọ́ ìjà Tapae, aṣọ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́ tán pátápátá. Ni Kesari Trajani, ọba Róòmù wa, bá ní kí wọ́n fa aṣọ tòun ya fún wa. Ìyá mi, aṣọ elésè àlùkò tí a kì í wọ̀ bí a kì í ṣe ọba! Òun ló dá ẹ̀jẹ̀ mi dúró, kí oníṣègùn tó fi ayùn ṣe ohun tó ní láti ṣe.

Fusko ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Kábíyèsí, ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ ni?”

Mo ní, “Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, olórí kunkun!”

Kí àwọn òrìṣà ilé wa bá mi dá ọba yìí sí.

Ẹ kí Bàbá. Ẹ kí àbúrò mi Tertula. Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ èso àjàrà fún wáìnì lọ́dún yìí, kí ó bọ́ sínú kòtò ìfúntí rọ́pò mi. Èmi á jókòó sétí rẹ̀, màá máa dá orin fún un.

Ọmọ yín,
Numeri