Egungun Erin Inú Sítọ́ọ̀ Wa

                                        Ilé Ẹ̀rọ Omi,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Igbó Ìjọba.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Ẹ rántí erin tó fọ́ páìpù wa lọ́dún tó kọjá, tí ìlú fi wà láìsí omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ fún yín nígbà náà pé mi ò mọ ẹni tó ní kí wọ́n yìnbọn pa á. Irọ́ ni mo pa. Bí a bá rí erin, ká gbà pé a rí erin: èmi ni mo ránṣẹ́ pe ọdẹ, dípò kí n pe àwọn aṣọ́gbó tí wọn ì bá lé e padà sínú igbó. Nígbà tó jẹrà tán, ọ̀gá wa ní ká kó egungun rẹ̀ sínú sítọ́ọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti awakọ̀ wa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀rọ, ni mo ṣàdédé rí i pé gbogbo ẹyẹ ti dákẹ́. Mo gbójú sókè. Erin mọ́kànlá ti yí sítọ́ọ̀ ká. Bí wọ́n ṣe tóbi tó yẹn, mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Wọn ò jẹ koríko, wọn ò wo omi tó ń jò sílẹ̀. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́jà wọn pa ògiri lára jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ.

Awakọ̀ ki páànù kan mọ́lẹ̀, ó fẹ́ máa lù ú kí wọ́n lè sá.

Mo ní, "Má lù ú."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wó ilé lé wa lórí ni?"

"Nǹkan wọn ló wà níbẹ̀."

Mo gba ilẹ̀kùn tó já láti ilé ẹ̀rọ sí sítọ́ọ̀ wọlé, mo so okùn mọ́ egungun àgbọ̀n erin tó kú náà, mo wọ́ ọ jáde. Ìyá àgbà wọn, tí etí rẹ̀ kan ti ya, gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́jà sí mi. Ó gbóòórùn orí mi, ó gbóòórùn àyà mi, ó dé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dúró síbẹ̀. Èémí rẹ̀ gbóná. Mo ní ó ti mọ̀. Mo dijú, mò ń retí ikú. Ìgbà tí mo máa lajú, ó ti gbé egungun náà, wọ́n sì ti ń wọ igbó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò pa mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè sùn nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ jẹ́wọ́ fún olórí àwọn aṣọ́gbó. Kò bú mi. Ó ní ẹjọ́ ni, màá sì rò ó níwájú adájọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tún ní kí n wá fi ibi tí páìpù ti dábùú ọ̀nà erin hàn wọ́n, kí a lè ri páìpù náà mọ́lẹ̀. Àná la bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Erin mẹ́ta dúró lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán títí a fi ṣíwọ́. Awakọ̀ ní gbogbo wa ni wọ́n ń wò. Lójú tèmi, èmi nìkan ni.

Ẹ bá mi kí ilé. Ẹ má tíì sọ fún ìyá wa, èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Olómi.