Ìkíni Tí Àbíkẹ́yìn Wa Kò Kí Mi

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ọgbà.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Ní tèmi, ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ṣì lè di kálàmù mú.

O béèrè àbíkẹ́yìn wa. O rántí pé mo kọ̀wé sí ọ pé ó kọjá lára mi ní òpópónà, kò kí mi, ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Mo ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́ títí yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó di àwátì.

Ìlú mìíràn ni mo ti rí i, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Mo pè é lórúkọ. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Aṣọ ta ni ẹ wá gbà?" Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Màmá, àwa la fún un lórúkọ tó ń jẹ́. Ẹ má mú un lọ o, òun nìkan ni kò ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mi rí!" Ìkíni tí mo torí rẹ̀ bínú rèé, ẹnu ẹni tí kò mọ̀ mí ni mo ti gbà á.

Dókítà ọpọlọ tí mo mú un lọ bá ní, láti ìgbà tí iná ti há a mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣáájú ọjọ́ tí kò kí mi, ni ọkàn rẹ̀ ti ń sá fún ohun tí ojú rẹ̀ rí. Oríṣi àìsàn yìí pọ̀. Ẹlòmíràn a máa wo ara rẹ̀ láti òkèèrè bí ẹni ń wo sinimá, ayé a sì dà bí àlá lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn a gbàgbé ẹni tó jẹ́, a sì lè rìn lọ sí ìlú mìíràn, bíi ti àbíkẹ́yìn wa. Ti ẹlòmíràn, bí ẹni pé èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀, tí èyí kò mọ ohun tí ìyẹn ṣe. Kì í ṣe ẹ̀tàn, kì í sì í ṣe àfojúdi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní èyí.

Nítorí náà, bí o bá dé ní Sátidé, má bá a wí, má sì bi í pé, "Ṣé o mọ̀ mí?" Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí i. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo fún un nílé mi: "Káàárọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Lánàá, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í kọ́kọ́ kí èèyàn."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Àbúrò mi, ó rántí mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Tìrẹ ni mo jẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Tíṣà.