Àlejò tó ní òun kì í ṣe òyìnbó

                                        Agbo-ilé Lágúnjú,
                                        Ìlódè,
                                        Ilé-Ifẹ̀.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 1995.

Ìkẹ́olúwa mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Íbàdàn? Bàbá Olúwatóbi ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò ba òrùlé yín jẹ́. Ẹ kú ewu o. Ara tiwa le, àfi ọ̀wọ́n epo tó mú kí gbogbo wa máa fẹsẹ̀ rìn. Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní o ti pa àwọn tì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè dá nìkan rò mọ́. Láti oṣù Kẹrin ni a ti gba àlejò kan sílé. Dókítà Awóníyì tó ń kọ́ni ní yunifásítì ló mú un wá. Obìnrin náà fẹ́ wo bí a ṣe ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, ó sì ní àárín ìlú ni òun fẹ́ gbé. Ni mo bá fún un ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá Àgbà.

Ìkẹ́, òyìnbó ni mo pè é nínú ọkàn mi. Awọ rẹ̀ pupa, irun rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo, "Òyìnbó! Òyìnbó!" Ó bi mí pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dúró sójú kan, ó ní, "Sọ fún wọn pé èmi kọ́. Àwọn yẹn ló gba ilẹ̀ wa."

Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé àwa adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n wá bá. Àṣé ọmọ Màórì ni, láti Niu Silandi, lọ́hùn-ún lẹ́bàá Ọsirélíà. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ni ibẹ̀ kí ọkọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tó gúnlẹ̀. Àwọn tó wá bá wa níbí ṣèjọba, wọ́n padà sílé. Tiwọn kò lọ. Wọ́n kọ́lé, wọ́n ń sin àgùntàn, wọ́n sì pọ̀ títí àwọn onílẹ̀ fi kéré láàárín wọn.

Mereana ni orúkọ rẹ̀. Kò ṣe é pè lẹ́nu Màmá Àgbà, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Mojíre. Inú gbogbo wa dùn, àmọ́ ó tẹrí ba. Ó ní, "Jọ̀wọ́, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ṣùgbọ́n tíṣà tó kọ́ bàbá mi nílé ìwé sọ pé orúkọ rẹ̀ le jù, ó sọ ọ́ ní Jọ́ọ̀jì. Tí bàbá mi bá sọ èdè wa ní kíláàsì, wọ́n á nà án. Ó kú láì fi èdè náà bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìgbà tí mo bímọ ni mo tó lọ kọ́ ọ."

Mo rántí pátákó tí wọ́n máa ń gbé kọ́ èmi àti ìwọ lọ́rùn nílé ìwé nítorí pé a sọ Yorùbá. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rù ń bà mí pé Màmá Àgbà á bínú. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ orúkọ tí wọ́n fún un. Màmá Àgbà gbé ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ já sórí ẹsẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ní kó tún un pè." Wọ́n ń pè é tẹ̀ lé e, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ lọ, títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti mọwọ́ ara wọn. Èmi ni ògbufọ̀, ẹnu sì ń ro mí! Màmá Àgbà á ní kí n bi í: kí ni wọ́n ń gbìn lọ́hùn-ún? Ṣé wọ́n ń jọba? Níbo ni wọ́n ń sìnkú sí? Lọ́jọ́ kan, Màmá Àgbà ní, "Kí ló dé tí ẹ ò lé wọn lọ?"

Mereana rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "A jà, Màmá. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ni ìyá tó bí mi. Níbo ni kí n lé ìyá mi lọ? Kí wọ́n dá ilẹ̀ wa padà, kí wọ́n yé ṣe bí ẹni pé a ò sí níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ìwọ ńkọ́, báwo lo ṣe rí i?

Nínú oṣù Keje ni ìròyìn dé. Ìjọba ti gba ilẹ̀ etí òkun kan lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n wá fẹ́ tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti àwọn àgbààgbà mìíràn pa àgọ́ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kúrò. Ọlọ́pàá ti kìlọ̀ fún wọn. A lọ sílé iṣẹ́ tẹlifóònù láti pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìlà ń já, a tún ń pè. Nígbà tí Mereana jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Wọ́n ní kí n dúró parí iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà nínú àgọ́ yẹn. Ta ló fẹ́ kọ́ wọn lédè wa?"

Kò parí iṣẹ́ náà. Ní àárọ̀ tó ń lọ, ó fi iwájú orí àti imú kan ti Màmá Àgbà, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nílé wọn. Àwọn ará ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dijú, wọn ò tètè fi í sílẹ̀.

Lánàá ni Dókítà Awóníyì wá sọ ohun tó gbọ́. Ọlọ́pàá gbé àwọn àgbààgbà náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wó àgọ́ wọn. Wọn ò tíì ta ilẹ̀ náà, ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Mo sọ ọ́ fún Màmá Àgbà.

Wọ́n ní, "Wọ́n wá lọ síbo?"

Mo ní wọ́n ti padà lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tó yí ilẹ̀ náà ká, pé Mereana ń kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ tapólì.

Màmá Àgbà fa ìborùn wọn mọ́ra. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n má dìde."

Bá mi kí Bàbá Olúwatóbi àti Màmá, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
Abọ́sẹ̀dé.