Ọ̀rẹ́ Mi Ń Lọ Sílé, Mi Ò Tíì Sọ Ohun Tí Mo Gbọ́ fún Un

Mo mọ ohun tó ń dúró de ọ̀rẹ́ mi nílé, mi ò sì sọ fún un. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kí oṣù yìí tó parí, orí mi ti dàrú.

Ọmọ Kétu ni wá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí mo máa pè ní Ràmátù, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọdún 1992 la jọ wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, yàrá kan náà la ń gbé ní Ìlàrè. Yorùbá la jọ ń sọ o, síbẹ̀ bí mo bá ti lanu báyìí, wọ́n á ní ọmọ ibo ni mí... Kò sí tẹlifóònù nílé wa, màmá mi ò sì mọ̀wé, torí náà bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ará Kétu bá ń lọ sílé, a máa ń sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún un kó bá wa gbé e lọ, a ó sì sìn ín dé gáréèjì. Tó bá ń bọ̀, á gbé ohùn àwọn ará ilé wá fún wa.

Lọ́dún tó kọjá Ràmátù lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún màmá mi títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi kún, mo ṣàwàdà, mo kọrin, mo ní kí wọ́n múra, freedom mi, ayẹyẹ ìparí iṣẹ́ kíkọ́, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Ràmátù dé, kò gbé ohùn kankan bọ̀, ó ní rédíò tí wọ́n fi gbọ́ tèmi kì í gba ohùn sílẹ̀. Ó wá ní, “Màmá ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kó o máa jẹun dáadáa.” Ó fún mi ní ìró aláró wọn kan, pé àwọn ni wọ́n fi rán òun. Inú mi dùn! Mo ró o káàkiri, mo ró o lọ́jọ́ freedom mi, Ràmátù fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́ fún mi.

Màmá mi ti kú nígbà yẹn. Wọ́n ti sin wọ́n, wọ́n ti ṣàdúà ogójì ọjọ́, kí Ràmátù tó débẹ̀ rárá. Ìpín mi nínú ẹrù òkú ni ìró yẹn! Ọkùnrin ará ìlú wa kan tó wá ra ọjà ló pàdé mi ní Ẹnuwá níbí lọ́jọ́ kẹsàn-án òní, ó kí mi pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, ó rò pé mo ti mọ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí... Ó ní àwọn àgbà ilé ló ní kí wọ́n má sọ fún mi kí n tó gba freedom, kí n má baà pa iṣẹ́ tì. Mo mọ̀ pé bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a kì í ṣàdédé túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ó dáa. Oṣù márùn-ún ti kọjá tí mo gba freedom, ta ló tún di Ràmátù lẹ́nu? Ta ló ní kó máa gbé ẹ̀rín sí òkú lẹ́nu fún mi? Lóṣù tó kọjá gan-an ó ṣì ń sọ pé màmá mi ránṣẹ́ kí mi! Inú ilé laṣeni ń gbé, lóòótọ́.

Ibi tọ́rọ̀ wá le sí nìyí. Ọkùnrin yẹn tún ní àfẹ́sọ́nà Ràmátù ti so yìgì pẹ̀lú ẹlòmíì, ìyàwó ti lóyún. Ràmátù ò mọ̀. Ó ń lọ sílé pátápátá lópin oṣù yìí láti lọ fẹ́ ọkùnrin yìí kan náà! Ó ti fún mi ní sítóòfù rẹ̀ àtàwọn ìkòkò rẹ̀, ó ń sunkún pé àárò mi máa sọ òun. Ọkùnrin tí mo pàdé ní Ẹnuwá náà ní, “Má sọ fún un. Jẹ́ kó délé ná.”

Mo dákẹ́. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí Ràmátù mọ̀ pé mo ti gbọ́ ti màmá mi. Tó bá lọ wẹ̀ ni mo máa ń sunkún, tó bá wọlé, màá máa bá a ká aṣọ. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní kóun náà lọ rí i bó ṣe ń rí... Àmọ́ òun yìí ló pọ̀n mí lọ ọsibítù nígbà tí ibà gbé mi dè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà láti Ìlàrè títí a fi rí mọ́tò. Ṣé èèyàn burúkú ni? Àbí èmi ni mo ti ń burú?

Ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù lẹni tó ra maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ máa wá gbé e. Tó bá ti gbé e lọ, Ràmátù ò níṣẹ́ níbí mọ́, kò sì lọ́kọ lọ́hùn-ún. Ṣé kí n sọ fún un ni? Tí mo bá sọ, ṣé mo ti dárí jì í nìyẹn, nígbà tí mi ò tíì dárí jì í? Tí mi ò bá sì sọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sójú ìwé yìí kíákíá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹnu wo lẹ máa fi sọ fún un pé ó dàbọ̀?